Ìrépé Léèsì Lábẹ́ Afárá

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún Abẹ́rẹ́ pé inú odò tó ń rùn ni yóò ti pàdé ẹni tí ọkàn rẹ̀ yóò máa wá kiri lójú oorun, ẹ̀rín ni ì bá rín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀.

Odò kékeré náà gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ kọjá. Láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n, kò sì rí i kó ṣàn rí. Ó kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí aláìsàn ni, ó fi ọ̀rá bora, ó fi ike omi ṣe ìrọ̀rí. Nígbà tí òjò ńlá kan wá rọ̀, tí omi kò rí ọ̀nà lọ, ó yà wọ inú àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, pé kí ẹni tó bá lè yọ̀ǹda ara rẹ̀ wá bá wọn kó pàǹtí nínú odò ní àràárọ̀ Sátidé.

"Lọ bá wọn," ni ìyá rẹ̀ wí láìgbójú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ. "Kí wọ́n má baà sọ pé ilé aránṣọ nìkan ni kò yọjú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí o bá fi kan omi yẹn, má fi kan aṣọ oníbàárà mi o!"

Ìyá Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá náà. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ ní Abẹ́rẹ́, nítorí pé ó tín-ín-rín, ó gùn, ẹnu rẹ̀ sì máa ń gún èèyàn.

Ìkùukùu ṣì wà lójú omi nígbà tó dé etí odò. Àwọn èèyàn ń lọ ń bọ̀ nínú rẹ̀ bí òjìji. Ọkùnrin kan dúró sínú omi dé orúnkún, ó fi réèkì gígùn fa ọ̀rá dúdú kan jáde, ó gbé e sókè, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ wí.

"Ìwọ yìí, ṣebí mo ti kó ẹ lọ lọ́jọ́sí? Ta ló tún mú ẹ padà wá?"

Abẹ́rẹ́ kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin náà gbójú sókè.

"Ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ wá ṣiṣẹ́ ni, àbí ẹ wá fi wá ṣẹ̀sín?"

"Mo lè ṣe méjèèjì pọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àfi pé bàtà òjò tó kù tóbi o."

Bàtà náà tóbi lóòótọ́. Kò tíì rìn jìnnà tí ẹrẹ̀ fi gbá ọ̀kan mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, bàtà dúró síbẹ̀. Ọkùnrin náà wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa bàtà yọ, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó sì dì í mú kí ó lè ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú omi ló ń wò, bí ẹni tí ojú ń tì. Ohun tí ìtìjú kékeré yẹn ṣe nínú Abẹ́rẹ́, kò rí orúkọ fún un.

"Ọkọ Odò ni wọ́n ń pè é," ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀. Àǹtí Onídìrí ni, àbúrò ìyá rẹ̀, tí kò sí ọ̀rọ̀ àdúgbò kan tí kì í gba orí tó bá ń dì kọjá. "Púlọ́mbà ni. Òun ló kó gbogbo wa jọ síbí. Kò ní ìyàwó kankan àfi odò yìí. Má wò ó bẹ́ẹ̀ yẹn, ojú ẹ á dá a lu."

"Ta ló ń wò ó?"

"Èmi ni. Ojú tèmi ló ń jáde lágbárí ẹ."

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ kò jẹ́ ọ̀sẹ̀ mọ́ fún Abẹ́rẹ́. Sátidé nìkan ló kù nínú rẹ̀. Àwọn ọjọ́ yòókù kàn jẹ́ ọ̀nà tí èèyàn ń tọ̀ dé ibẹ̀. Yóò jókòó sídìí ẹ̀rọ, yóò máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, omi ni yóò sì máa gbọ́.

"Abẹ́rẹ́!"

"Mà!"

"Kí lò ń rán?"

"Apá bùláòsì ni, Mọ́mì."

"Ibo lò ń rán apá ọ̀hún mọ́?"

Ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọrùn ni.

Nínú odò, òun àti Ọkọ Odò a máa fa àpò kan náà, wọn a sì máa fi ohun tí wọ́n bá rí pìtàn. Bí ẹsẹ̀ bàtà kan bá jáde, Abẹ́rẹ́ á ní, "Ẹni tó ni èyí ń sáré lọ bá olólùfẹ́ ẹ̀ ni." Ọkọ Odò á ní, "Rárá o, ìyá olólùfẹ́ ẹ̀ ló ń sá fún." Wọn a rẹ́rìn-ín títí Àǹtí Onídìrí á fi pariwo láti bèbè pé, "Ẹ̀yin méjì yẹn, pàǹtí la wá kó, a ò wá ka eyín yín!"

Àárọ̀ kan wà tí òjò wẹliwẹli ń sẹ̀. Ọkọ Odò na ọwọ́ sí i láti fà á gòkè, ó ní, "Rọra, o máa yọ̀." Kí ló sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ṣùgbọ́n òun ni ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò bá a sọ̀rọ̀ láìfi "ẹ" sí i, Abẹ́rẹ́ sì gbé ọ̀rọ̀ kékeré náà lọ sílé bí ẹni gbé ẹyin, ó ń rọra rìn kó má baà fọ́.

Ìfẹ́ máa ń kánjú. Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ ni ní àràárọ̀ Sátidé láti kó ìrépé aṣọ, ìyẹn àwọn èyí tó bá já kù nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, lọ bá àwọn tó ń rán ìrọ̀rí ní ìpẹ̀kun ìlú, kí wọ́n fi kún inú iṣẹ́ wọn. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn. Bó bá lọ tó bọ̀, ìkùukùu á ti ká kúrò lójú omi, ẹlòmíràn á sì ti máa bá Ọkọ Odò fa àpò. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù náà fún ọlọ́mọlanke kan tó máa ń dúró níkòríta. "Ẹ bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn onírọ̀rí," ni yóò wí, yóò sì ti sáré lọ kí ọkùnrin náà tó dáhùn. Kò bi í rí bóyá ó dé ibẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí Ọkọ Odò ń gbà ṣiṣẹ́ tí kì í yí padà. Lẹ́yìn iṣẹ́, yóò ta okùn sára afárá orí odò náà, yóò so díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n bá kó jáde kọ́ sórí rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí ọkọ̀ akólẹ̀ yóò fi dé láàárín ọ̀sẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ fi dójú ti àwọn èèyàn ni?" Abẹ́rẹ́ bi í.

"Rárá. Bí nǹkan bá ti wọ inú omi, a máa ń rò pé ó ti pòórá ni. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n rí i pé kò lọ síbì kankan." Ó so ike kan kọ́. "Ọjọ́ tí odò yìí bá ṣàn, màá rán Àǹtí Onídìrí sí ìyá ẹ."

Abẹ́rẹ́ gbójú sí i. "Kí ló kan odò nínú ọ̀rọ̀ èmi pẹ̀lú ẹ?"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo fi ìyáálé sílẹ̀ nínú àìsàn, mo lọ gbé ìyàwó tuntun."

Abẹ́rẹ́ fi ìbọ̀wọ́ tó kún fún ẹrẹ̀ gbá a léjìká. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí ẹni tó ń gbààwẹ̀ ló ṣe ń retí kí omi náà lọ.

Omi kò sì lọ. Ohun tó ya gbogbo wọn lẹ́nu ni pé bí wọ́n ti ń kó pàǹtí tó, ńṣe ni ìsàlẹ̀ afárá túbọ̀ ń dí. Níkẹyìn, ní àárọ̀ kan tí oòrùn rọra ń yọ bí ẹni ń jí lójú àlá, wọ́n so okùn mọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ yẹn, gbogbo wọn sì dì í mú. Àǹtí Onídìrí dúró sórí òkúta, ó ń ké bí agbẹ̀bí.

"Ẹ tún fà! Ó ti ń yọrí! Ẹ tún fún un ní ọ̀kan sí i!"

Lójijì ó já. Omi ké hòò, ó gbọn ara rẹ̀, ó sì ṣàn.

Ariwo ayọ̀ sọ. Àwọn èèyàn dì mọ́ra wọn nínú ẹrẹ̀. Ọkọ Odò dúró láàárín omi tó ń lọ, omijé ń dà lójú rẹ̀ láìnù ún, kò sì wo ẹlòmíràn àfi Abẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ kò lè wò ó padà. Ohun tí wọ́n fà jáde ló gbá ojú rẹ̀ mú. Àwọn àpò tó ti bẹ́ ni, ìrépé aṣọ ló sì kún inú wọn. Ó fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ kúrò lára ọ̀kan: léèsì aláwọ̀ àlùkò, tí òun fúnra rẹ̀ gé ọrùn rẹ̀ fún ọmọ ọ̀gá iléèwé tó ṣègbéyàwó.

"Ìwọ tó o mọ aṣọ," Ọkọ Odò ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń mí gúlegúle, "ṣé o mọ ibi tí èyí ti lè wá?"

Ó wo ojú tó ń tàn yẹn. Ṣé ojú yìí ni kí òun pa iná rẹ̀? Lónìí?

"Mi ò mọ̀," ó wí.

Òun náà ló di ìpẹ̀kun okùn kejì mú nígbà tí wọ́n ń so wọ́n kọ́. Atẹ́gùn fẹ́, léèsì gbẹ, gbogbo afárá kún fún aláwọ̀ àlùkò, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ òféfèé, wọ́n ń fò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí labalábá. Ó lẹ́wà dé ibi tí àwọn tó ń kọjá lọ fi ń dúró wò ó.

"Ó ṣàn," Ọkọ Odò sọ sí i létí. "Àǹtí Onídìrí á wá."

Ọ̀gá iléèwé ló kọ́kọ́ dé. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó fi ìka méjì di ìrépé léèsì mú bí ẹni mú eku tó ti kú.

"Ìyá Aránṣọ, ṣebí ẹ ní aṣọ mi ò ṣẹ́kù?"

"Kò ṣẹ́kù, mà. Ìrépé lásán ni."

"Ìrépé lásán ló wà lórí afárá tí gbogbo ayé ń wò? Wọ́n ní òun ló dí odò! Aṣọ ìgbéyàwó ọmọ mi!"

"Kò lè jẹ́ tèmi. Àwọn onírọ̀rí là ń kó o fún. Ọmọ mi ló ń gbé e lọ." Ìyá náà yíjú padà pẹ̀lú ìgbẹ́kẹ̀lé tó mọ́ gaara. "Abẹ́rẹ́, dá wọn lóhùn. Ṣé ìwọ kọ́ lò ń gbé e lọ?"

"Èmi ni, mà," Abẹ́rẹ́ wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ìyá rẹ̀ bá búra lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀gá iléèwé kò sì gbà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn oníbàárà ti ń wá gba aṣọ tí wọn kò tíì gé, ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan sì ti sọ Ìyá Aránṣọ ní Ìyá Adíodò.

Ọjọ́ tí Àǹtí Onídìrí wá jíṣẹ́, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ibi tí wọ́n ti ń dán aṣọ wò ni Abẹ́rẹ́ wà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni mo bá wá."

"Ayọ̀ wo? Nínú ilé Adíodò?"

"Ẹnì kan rí ọmọ yín, oorun ò sì kun ojú ẹ̀ mọ́. Ọmọlúàbí ni, ó níṣẹ́ lọ́wọ́. Púlọ́mbà tí wọ́n ń pè ní Ọkọ Odò yẹn ni."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Ẹni tó so mí kọ́ bí aṣọ tí wọ́n fọ̀?"

"Kò mọ̀ pé tiyín ni."

"Kò bèèrè! Bí èèyàn bá rí aṣọ nínú omi, tó sì mọ̀ pé aránṣọ wà lẹ́bàá odò, ṣé kò yẹ kó bèèrè? Sọ fún un pé ó ti níyàwó. Kó gbé odò ẹ̀ wọlé. Ọmọ mi ò ní ṣe orogún pẹ̀lú omi ìdọ̀tí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yẹn ń rù o. Abẹ́rẹ́ la mọ̀ ọ́n sí, ẹ má jẹ́ kó di òwú."

"Kó di òwú. Màá fi ránṣọ."

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Kò bèèrè, ni ìyá rẹ̀ wí. Bẹ́ẹ̀, ó bèèrè. Ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kó dá a lóhùn ló bi.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó lọ sí afárá. Omi ń kọrin lọ nísàlẹ̀, ó mọ́ dé ibi tí òkúta inú rẹ̀ fi ń dán. Ọkọ Odò ti tú gbogbo ìrépé náà, ó sì ti ká wọn lé ara wọn lórí.

"Mo fẹ́ gbé wọn lọ fún ìyá ẹ," ó wí. "Kí n bẹ̀ wọ́n. Kí n sọ pé mi ò mọ̀."

Bí Abẹ́rẹ́ bá dákẹ́ báyìí, ó rí i bí gbogbo rẹ̀ yóò ṣe lọ: ọkùnrin yìí á bẹ̀bẹ̀, ìyá òun á rọ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n á ṣègbéyàwó, òun á sì máa sùn ti irọ́ yìí títí ayé.

"Ìwọ ò mọ̀," ó wí. "Èmi mọ̀." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ ọlọ́mọlanke, ìkánjú rẹ̀, léèsì tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé.

Ọkọ Odò yíjú sí i. "Mo bi ẹ́."

"O bi mí."

"O wo ojú mi. Ìwọ lo di okùn mú fún mi."

"Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wàá kórìíra mi."

"Mi ò kórìíra ẹ. Mi ò kàn mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni." Ó kó ìrépé náà lé e lọ́wọ́, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi, kò sì wẹ̀yìn.

Abẹ́rẹ́ sunkún dé ilé Àǹtí Onídìrí. Nígbà tó sunkún tán, ó nu ojú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ bá mi kó àwọn oníbàárà Mọ́mì wá sí afárá ní Sátidé."

"Kí ni màá sọ fún wọn?"

"Ẹ sọ pé ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀."

"Háà! Wọ́n á ti dé kí n tó dé."

Wọ́n dé lóòótọ́. Ọ̀gá iléèwé dúró níwájú, Ìyá Aránṣọ fúnra rẹ̀ sì wà lẹ́yìn pátápátá, ó káwọ́ lẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ ta okùn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ so àwọn ìrépé náà padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nísàlẹ̀, ó ń gbọ́ ìró réèkì nínú omi, ó sì mọ ọwọ́ tó dì í mú.

"Ìyá mi ò mọ nǹkan kan," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, ló bá tún un sọ. "Ìyá mi ò mọ nǹkan kan! Èmi ni wọ́n rán, èmi ni mo gbé e fún ọlọ́mọlanke tó lọ dà á sódò. Ìgbà tí wọ́n bi mí níwájú yín, mo parọ́. Bí orúkọ kan bá wà tí ẹ fẹ́ pe ẹnì kan, èmi ni kí ẹ máa fi pè."

Ìró réèkì ti dúró. Abẹ́rẹ́ kò bojú wo ìsàlẹ̀. Ọ̀gá iléèwé wò ó tìtì, ó ní, "Ó dáa, a ti gbọ́," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ náà yí padà, ó lọ sílé.

Ìdákẹ́jẹ́ wá kún ilé náà fún ìgbà pípẹ́. Àwọn oníbàárà ń padà wá díẹ̀díẹ̀. Ní àràárọ̀ Sátidé, Abẹ́rẹ́ a gbé àpò ìrépé lé orí, a fẹsẹ̀ rìn ín dé ọ̀dọ̀ àwọn onírọ̀rí, a sì dúró títí wọ́n á fi tú u. Kò gba ọ̀nà odò. Ṣùgbọ́n bó bá dùbúlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ó máa ń gbọ́ omi náà láti ẹ̀yìn ilé, ó ń lọ, ó ń lọ, á sì máa bi ara rẹ̀ bóyá ẹni tó wà létí rẹ̀ ń rántí òun.

Ní ọ̀sán kan, òjìji ẹnì kan bo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́rẹ́ ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣòkòtò kan lórí tábìlì. Kò nílò kó gbójú sókè kó tó mọ ẹni tó jẹ́.

"Ẹ káàsán, mà," Ọkọ Odò wí, ó sì tẹrí ba. "Mo wá tọrọ àforíjì. Mo so aṣọ yín kọ́ láìbi yín."

Ìyá Aránṣọ ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. "Wọ́n ní o bi Abẹ́rẹ́."

"Ọ̀dọ̀ yín ló yẹ kí n wá."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ó tán?"

"Ó ku ọ̀kan, mà." Ó wo Abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. "Mo bínú sí ọmọ yín. Mo sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n látìgbà tó ti dúró sórí afárá yẹn, gbogbo Sátidé ni mo máa ń rò ó. Ọ̀dọ̀ mi ló ń sáré bọ̀ tí ẹrù yẹn fi dénú omi. Bó ṣe wù kí n pín ẹ̀bi ọ̀hún, ó ń kàn mí. Kí n sì tún sọ òótọ́: ẹnikẹ́ni tó bá ń bá mi fa àpò báyìí, ńṣe ló ń dà bíi pé èmi nìkan ló wà níbẹ̀."

Ẹ̀rọ dúró. "Kí n lóye ẹ̀. Kó lè tètè wá wo ojú ẹ ló fi gbé iṣẹ́ mi fún ọlọ́mọlanke. Ìwọ náà wà lábẹ́ afárá, ò ń la odò kí o lè wá fẹ́ ẹ, òun sì ń dí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀yin méjèèjì ò gbọ́n."

"A ò gbọ́n, mà."

Òórùn kan gba inú ṣọ́ọ̀bù.

"Abẹ́rẹ́! Ṣòkòtò ta lò ń jó yẹn?"

Ó gbé áyọ́ọ̀nù sókè. Èéfín ń rú. Ọkọ Odò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ìyá Aránṣọ wo ṣòkòtò, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó dìde, ó sì fa téèpù ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn rẹ̀.

"Bọ́ síbí. Dúró dáadáa. Gbé apá sókè."

"Mà, kí lẹ fẹ́ rán?"

"Dákẹ́. Bí o bá ń sọ̀rọ̀, àyà ẹ ń ga." Ó wọn apá rẹ̀, ó wọn gíga rẹ̀, ó ń kùn sínú pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn jù, aṣọ á pọ̀. "Abẹ́rẹ́, ìwọ náà wá dúró tì í."

"Mọ́mì, ẹ mọ ìwọ̀n mi."

"Mo mọ ìwọ̀n ẹ tí o bá dá dúró. Mi ò tíì mọ bí ẹ ṣe máa rí tí ẹ bá wà pọ̀."

Abẹ́rẹ́ wá. Ó dúró tì í. Ìka ọkùnrin náà kan ìka rẹ̀, ó sì dì í mú.

"Ẹ jẹ́ kọ́wọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́," ìyá rẹ̀ wí. "Mi ò tíì ní kẹ́ ẹ dira yín mú."

Wọn kò jáwọ́. Ìyá Aránṣọ kò sì tún sọ ọ́. Ó bọ́ sẹ́yìn wọn, ó sì rọra na téèpù rẹ̀ láti èjìká ọ̀kan dé èjìká èkejì, bí ẹni pé aṣọ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ fẹ́ wọ̀.